Mílíìkì ọ̀gáníìkì àti mílíìkì lásán: kí ló mú ọ̀kan wọ́n ju ìkejì lọ?

ÌyáÌbejì_Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá lórí mílíìkì tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì níbí.

Èkíní: ọ̀gáníìkì wọ́n ju ti lásán lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tí wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì ò yàtọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Àwọn ìbejì yóò pé ọdún kan lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ èyí tí màá máa fún wọn.

Èkejì: wọ́n ní ọ̀gáníìkì kì í da inú àgbàlagbà láàmú. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá wọn ò lè mu ife kan tán kí inú rẹ̀ má kùn.

Ẹ̀kẹta: èwo ló dára fún wàrà? Páálí ọ̀gáníìkì kan tí mo fi ṣe é kò dì, ó kàn rí bí ògì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, asẹ́ ò gbà á dúró.

Olóúnjẹ_Leeds

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oko ni "organic" tó wà lára ike. Ó ń sọ irú ilẹ̀ tí màlúù ti jẹko, ohun tí wọ́n fún un jẹ, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ṣàìsàn. Kò sọ bí iná tí wọ́n fi se mílíìkì náà ṣe pọ̀ tó, kò sọ iye ọ̀rá inú rẹ̀, kò sì sọ pé ṣúgà rẹ̀ dín kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, torí wọ́n ń retí pé kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn dáhùn gbogbo nǹkan.

Ní Bìrìtéènì, kí ilẹ̀ tó di ilẹ̀ ọ̀gáníìkì, ó gbọ́dọ̀ lo oṣù 24 láìfojú kan ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tàbí oògùn apakoríko tí òfin ò fọwọ́ sí. Nínú oúnjẹ màlúù lójúmọ́, tí a bá yọ omi kúrò kí a tó wọ̀n ọ́n, ó kéré tán 60% rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ gbígbẹ, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n dì pa títí tó fi kan. Ọkà àti sóyà tí wọ́n bá fi kún un gbọ́dọ̀ ti oko ọ̀gáníìkì wá, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà. Tí ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ bá ti gbà, ìta ni màlúù gbọ́dọ̀ wà. Soil Association, ẹgbẹ́ kan tó ń fọwọ́ sí oko ọ̀gáníìkì ní Bìrìtéènì, sọ pé ní ìpíndọ́gba, màlúù ọ̀gáníìkì máa ń lo ju ọjọ́ 200 lọ lórí pápá lọ́dún.

Mílíìkì lásán ò ní irú òfin yẹn. Síbẹ̀, ẹ má rò pé inú ilé ni gbogbo màlúù yòókù ń gbé. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹko níta nígbà ooru, àwọn mìíràn sì wà tí wọn kì í jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ike mílíìkì lásán kì í sábà sọ èyí tó jẹ́ fún yín.

Ní ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi tọ́jú màlúù tó ń ṣàìsàn, mílíìkì méjèèjì ni wọ́n ń yẹ̀ wò kó tó wọ ilé iṣẹ́. Tí wọ́n bá rí oògùn ju ìwọ̀n tí òfin gbà láàyè lọ nínú tánkà, wọn ò ní gbà á. Bí wọ́n bá fún màlúù lóògùn, ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń dá fún un, mílíìkì tó bá ti lára rẹ̀ wá kí ọjọ́ yẹn tó pé, dídànù ni. Ti ọ̀gáníìkì kàn gùn ju ti lásán lọ ni. Oko ọ̀gáníìkì ò sì gbọdọ̀ máa fún màlúù tí ara rẹ̀ le lóògùn yìí nítorí kí àìsàn má baà wá. Ní ti họ́mọ́ọ̀nù rBST tí wọ́n fi ń mú kí mílíìkì màlúù pọ̀ sí i, kò sí oko kankan ní Bìrìtéènì tó gbọdọ̀ lò ó. Yúróòpù ti fòfin dè é láti ọdún 2000. Torí náà, ẹ má sanwó lé e lórí níbí nítorí "kò sí họ́mọ́ọ̀nù".

Kí ló wá mú un wọ́n? Ọkà ọ̀gáníìkì gan-an wọ́n, mílíìkì tí màlúù kọ̀ọ̀kan ń mú wá kéré sí ti oko ńlá, olùyẹ̀wò ń wá lọ́dọọdún, wọn ò sì gbọdọ̀ da mílíìkì náà pọ̀ mọ́ òmíràn lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ wá nọ́ńbà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB-ORG lára ike. GB-ORG-05 ni ti Soil Association, GB-ORG-02 sì ni ti Organic Farmers & Growers. "Natural" tàbí "farm fresh" tí kò ní nọ́ńbà yìí, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni.

Onímọ̀Oúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wà.

Púrótéènì, kálísíọ́ọ̀mù àti ṣúgà àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba: nínú 100 ml, púrótéènì jẹ́ nǹkan bí 3.4 g, kálísíọ́ọ̀mù nǹkan bí 120 mg. Ohun méjì ló yàtọ̀. Lọ́dún 2016, ìwádìí kan tí àwọn ará Yunifásítì Newcastle ṣíwájú jáde nínú British Journal of Nutrition. Wọ́n kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ọ̀rá omega-3 inú mílíìkì ọ̀gáníìkì fi nǹkan bí 50% ju ti lásán lọ, pé áyódìn inú mílíìkì lásán sì fi nǹkan bí 74% ju ti ọ̀gáníìkì lọ.

Ẹ máa gbọ́ ti omega-3 lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Koríko tí màlúù ń jẹ ló ń fà á, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye rẹ̀: ife 250 ml mílíìkì ọ̀gáníìkì tó ní gbogbo ọ̀rá rẹ̀, omega-3 inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.1 g lọ. Ẹja títúsì 100 g ní ju 1 g lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ nítorí omega-3 lẹ ṣe fẹ́ ra ọ̀gáníìkì, ẹ lọ ra ẹja.

Ti áyódìn ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Òun ni àìsí rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, òun náà ni ọpọlọ ọmọ inú oyún nílò láti dàgbà. Ní Nàìjíríà, òfin ti mú un wọ inú iyọ̀ láti àwọn ọdún 1990, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fi ronú kàn án rí. Iyọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtéènì kò ní in. Mílíìkì àti ẹja ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí i níbí. Ohun tó mú kó dín kù nínú ọ̀gáníìkì ni pé oko lásán ń da èròjà oníáyódìn púpọ̀ sínú oúnjẹ màlúù. Oko ọ̀gáníìkì, ní tiwọn, gbára lé ewé clover láti fún ilẹ̀ lókun dípò ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, clover yìí sì ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí áyódìn wọ inú mílíìkì dáadáa. Àwọn oko ọ̀gáníìkì mìíràn ti ń fi áyódìn kún oúnjẹ màlúù wọn báyìí, nítorí náà àlàfo náà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Aboyún nílò 250 µg lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe sọ. Tí aboyún bá ń mu ọ̀gáníìkì nìkan, tí kì í jẹ ẹja, tí kì í jẹ ẹyin, kó bi agbẹ̀bí rẹ̀ nípa áyódìn. Kó má lọ ra oògùn tí wọ́n fi ewé inú òkun ṣe, torí áyódìn inú rẹ̀ lè pọ̀ débi tí yóò fi ṣe ìpalára.

Fún àwọn ìbejì: ọ̀gáníìkì tàbí lásán, èyíkéyìí ni ẹ lè fún wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó jẹ́ èyí tó ní gbogbo ọ̀rá rẹ̀, ìyẹn onídèérí búlúù lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pé oṣù 12. Kí wọ́n tó pé bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi mílíìkì màlúù se oúnjẹ wọn láti oṣù 6, àmọ́ kò gbọdọ̀ rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ọmọ ọwọ́. Onídèérí ewé, tí wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, ó di ọdún 2 bí wọ́n bá ń jẹun dáadáa. Onídèérí pupa, ó di ọdún 5. Nǹkan bí 350 ml ti tó fún ọmọ kan lójúmọ́. Tó bá ń kọjá 500 ml, inú ọmọ yóò kún, kò ní jẹ ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó lè fún un ní èròjà irin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Mílíìkì tútù ní Bìrìtéènì, ọ̀gáníìkì tàbí lásán, kò ní fítámì D tó nǹkan kan. Ọmọ ọdún 1 sí 4 nílò 10 µg tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu lójúmọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú, tọmọdé tàgbà, NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Bìrìtéènì, ní ká máa lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, torí oòrùn ibí ò tó wa.

Ó ku ti bàbá wọn. Láktósì, ṣúgà inú mílíìkì, ló ń dà á láàmú, ó sì jẹ́ nǹkan bí 4.7 g nínú 100 ml àwọn méjèèjì. Ọ̀gáníìkì ò mú un kúrò. Lọ́dún 1971, ìwádìí kan tí Olikoye Ransome-Kuti wà lára àwọn tó ṣe é jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, ó sì fi hàn pé àgbàlagbà Yorùbá tí inú rẹ̀ lè da láktósì ṣọ̀wọ́n gan-an, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní lè dà á. Ara wa ló rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Kó ra èyí tí wọ́n kọ "lactose free" sí. Wọ́n ti fi èròjà kan gé ṣúgà náà sí méjì níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn lẹ́nu díẹ̀ ju mílíìkì yòókù lọ. Tàbí kó máa mu ìdajì ife pẹ̀lú oúnjẹ dípò ife odindi lórí ikùn òfìfo. Yógọ́ọ̀tì máa ń rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Wàrà náà rọrùn, torí omi tí ẹ ń sẹ́ dànù lára rẹ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú láktósì lọ.

Àdùkẹ́_Houston

Ẹ ṣé o. Kí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà má mú òfin Bìrìtéènì lò lọ́dọ̀ tiwa, torí ibi mẹ́ta ló ti yàtọ̀.

Tí wọ́n bá lo oògùn apakòkòrò fún màlúù ọ̀gáníìkì níbí, kò tún lè padà sí agbo ọ̀gáníìkì mọ́ láé. Òfin kan náà ló sì ní àgbẹ̀ ò gbọdọ̀ fi màlúù tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú nítorí orúkọ ọ̀gáníìkì. Ní ti koríko, ọjọ́ 120 ló kéré jù lọ́dún lórí pápá, kí 30% oúnjẹ rẹ̀ lásìkò náà sì ti ibẹ̀ wá. Ní ti rBST, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i lọ́dún 1993, kò sì tíì di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mílíìkì lásán ló kọ ọ́ sára pé wọn ò lò ó. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń kọ yín lóminú, ẹ ra irú ìyẹn, kò wọ́n tó ọ̀gáníìkì.

Èyí tó tan àwọn èèyàn jẹ jù ni ti ọjọ́ tó máa ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ mílíìkì ọ̀gáníìkì níbí ni wọ́n kọ "ultra-pasteurized" sí. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n gbé e dé 138°C fún ìṣẹ́jú àáyá 2, nígbà tí ti lásán jẹ́ 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Oko ọ̀gáníìkì kéré, wọ́n jìnnà síra, ọjà náà kì í sì í tètè tán lórí àtẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní iná tó pọ̀. Iná náà ló mú kó pẹ́ ju oṣù kan lọ nínú fìríìjì láìtíì ṣí i. Kì í ṣe koríko. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ 7 bíi ti èyíkéyìí.

Aláwàrà

Ohun tí Àdùkẹ́ sọ yìí gan-an ló ba wàrà Ìyá Ìbejì jẹ́. Ẹ lọ wo páálí náà. Ó dá mi lójú pé "UHT" wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé iná gíga bíi ti "ultra-pasteurized" ni wọ́n fi sè é.

Oríṣi púrótéènì méjì ló wà nínú mílíìkì. Ọ̀kan ló ń dì di wàrà, èkejì máa ń bá omi lọ. Iná tó bá kọjá 135°C máa ń mú kí èyí tó yẹ kó bá omi lọ lẹ̀ mọ́ èyí tó yẹ kó dì, wọn ò sì ní lè di ara wọn mú mọ́. Ẹ da ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́rọwọ̀rọ ni yóò máa wá. Rẹ́nẹ́ẹ̀tì, èròjà tí wọ́n ń rà láti fi mú mílíìkì dì, kò tilẹ̀ ní mú un rárá. Ike ọ̀gáníìkì tí wọ́n kọ "pasteurised" lásán sí yóò dì dáadáa, ike lásán tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí náà yóò dì. Fún wàrà, èmi ò rí ìdí tí ẹ ó fi ra ọ̀gáníìkì. Bí ẹ bá fẹ́ náwó lé e, ẹ ra mílíìkì màlúù Jersey, torí ọ̀rá rẹ̀ tó 5%, wàrà rẹ̀ sì máa ń pọ̀, ó máa ń rọ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ike páìnì 4, ìyẹn lítà 2.27, onídèérí búlúù. Ẹ fi omi tútù ṣan ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ má nù ún, kí mílíìkì má baà jóná mọ́ ọn. Iná tí kò pọ̀ jù, kí ẹ máa rò ó kan ìdí títí yóò fi dé 90°C. Bí ẹ ò bá ní tẹmọ́mítà, ẹ máa wo ìgbà tí ìfófòó bá ń gun etí ìkòkò bọ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà funfun 80 ml, ẹ fi omi 80 ml là á, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ da ìdá kan sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó da òmíràn. Rírò jù ló ń fọ́ ọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ rekete, kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Tó bá ṣì funfun, ẹ fi ṣíbí kan kún un. Ẹ sẹ́ ẹ sínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, ẹ so ó, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo tó 2 kg lé e fún wákàtí kan sí méjì. Nǹkan bí 350 g lẹ ó rí. Kò ní yọ́ nínú òróró, ẹ lè dín in.

Àmọ́ yóò kan díẹ̀ lẹ́nu. Wàrà ilé kì í kan bẹ́ẹ̀, torí ewé bomubomu ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń ṣe é, ewé yẹn kì í sì í fi kíkan dì í. Bí ẹ bá fẹ́ kó jọ ọ́, rẹ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò. Ẹ mú mílíìkì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 35°C. Ẹ fi kalsíọ́ọ̀mù kloráìdì tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí tíì lọ sí i, torí ìgbóná àti fífọ́ ọ̀rá ní ilé iṣẹ́ ti gba agbára dídì lára mílíìkì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi omi inú ìgò là rẹ́nẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí kloríìnì inú omi ẹ̀rọ máa ń pa á. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 45. Tó bá ti dì bí ẹ̀kọ tútù, ẹ gé e ní 2 cm 2 cm, kí ẹ wá dá iná díẹ̀díẹ̀ sí i nínú omi ara rẹ̀ títí yóò fi le. Sísè nínú omi ara rẹ̀ yìí ló ń fún wàrà ní adùn tí ẹ mọ̀ mọ́ ọn.

ÌyáÌbejì_Manchester

Mo ti lọ wo páálí tó ṣẹ́kù. "UHT" ni wọ́n kọ sí i ní ẹ̀gbẹ́, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kékeré méjì ló kù: ṣé mo lè fi ike méjì tí mo bá rà sínú ẹ̀rọ adìdì (fìrísà)? Àbúrò mi ní Ìbàdàn náà ń béèrè èyí tí òun lè rà níbẹ̀.

Olóúnjẹ_Leeds

Ẹ lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bu díẹ̀ kúrò, torí ó máa ń wú tó bá ń dì, ike á sì bẹ́. Ẹ lò ó láàárín oṣù kan, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fìríìjì, kì í ṣe lórí tábìlì, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ó dára fún ògì àti tíì. Fún wàrà, ẹ lo èyí tí kò tíì dì rí. Ẹ má sì máa gbé ike sí ara ilẹ̀kùn fìríìjì, ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù. Inú lọ́hùn-ún, 5°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Fún àbúrò yín ní Ìbàdàn, ìbéèrè náà yàtọ̀. Oníyẹ̀fun tó ti òkè òkun wá ni èyí tó pọ̀ jù nínú mílíìkì tí wọ́n ń tà nílé, ọ̀gáníìkì ò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí kó yẹ̀ wò ni bóyá mílíìkì gidi ni. Kó ka ẹ̀yìn ike tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì náà. Tí "vegetable fat" tàbí "fat filled" bá wà níbẹ̀, wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bíi ti ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Ojúlówó tó ní gbogbo ọ̀rá rẹ̀, "whole milk powder", ọ̀rá mílíìkì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 26% ó kéré tán. Àwọn méjèèjì lè wà lórí àtẹ kan náà nínú ike tó jọra, owó wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Tó bá ń ra mílíìkì tútù ní gáà Fúlàní, koríko ni màlúù wọn ń jẹ lóòótọ́, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀ ju ti màlúù òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì lè ti ara màlúù bọ́ sára èèyàn nípasẹ̀ mílíìkì tútù. Kó sè é títí yóò fi hó yaya, kó máa rò ó, kó sì lò ó lọ́jọ́ náà. Wàrà ọjà náà, omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n sè é tán ni kó máa wò. Tí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn, kó má rà á. Èyí tó bá sì rà, kó tún un sè tàbí kó dín in délé kó tó fún ẹnikẹ́ni jẹ.